Ìyá Tómi, má tíì fowó kankan ránṣẹ́

Ìyá Tómi mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Kánádà ọ̀hún? Báwo ni Bàbá Tómi, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Àwa náà wà ní Adó níbí, a dúpẹ́, òjò nìkan ni ò jẹ́ ká sinmi.

Mo gbọ́ vóìsì nóòtù ẹ pé àwọn tẹ́náǹtì ẹ ní Basiri ń pariwo pé omi ò lọ mọ́ nínú sínkì kíṣìnì, pé kó o fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n wá fọ́ ilẹ̀ kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo páìpù. Jàre má tíì fi nǹkan kan ránṣẹ́. Mo mú plọ́ńbà tó máa ń bá wa ṣiṣẹ́ lọ síbẹ̀ lánàá, kò fọ́ ilẹ̀ kankan, bọ́kẹ́ẹ̀tì ló gbé sábẹ́ sínkì tó sì fọwọ́ tú rọ́bà tó ṣẹ́ kọ́nà yẹn, họ̀wù, ohun tó já bọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì! Epo pupa tó ti dì mọ́ ìyán, ó ti le gbagidi, eegun panla wà nínú ẹ̀, igi ẹ̀fọ́ wà nínú ẹ̀, òórùn ẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Ìyàwó ilé yẹn ń wojú mi, èmi náà ń wojú ẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ìwọ náà mọ̀ pé Èkìtì la wà, ta ni ò gúnyán? Tí wọ́n bá ti yọ ìyán tán, omi tí wọ́n fi ṣan odó àti ọmọ odó, inú sínkì ni wọ́n ń dà á sí, ìyán tó lẹ̀ mọ́ odó á bá omi lọ, á wá lọ jókòó síbi tí páìpù ti ṣẹ́. Àmọ́ tèmi, epo ni mo di ẹ̀bi rù jù. Epo pupa ò ní yọ́ délẹ̀délẹ̀ tí ooru ò bá tó nǹkan bíi 35 dígírì, tó bá ti tutù díẹ̀ báyìí ó ti ń dì nìyẹn, kó wá jẹ́ ìgbà ọyẹ́. Wọ́n ní àwọn máa ń da omi gbígbóná sí i. Òótọ́ ni, omi gbígbóná á yọ́ ọ, ṣùgbọ́n tómi yẹn bá rìn síwájú tó tutù, epo á tún dì síbẹ̀, níbi tọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ò lè tó mọ́, nígbà yẹn ni fífọ́ ilẹ̀ á wá di dandan.

Nǹkan tí mo bá wọn sọ ò le rárá. Kí wọ́n fi tíṣù tàbí bébà nu ìkòkò ọbẹ̀ àti abọ́ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Epo tí wọ́n fi dín àkàrà, kí wọ́n tú u sínú agolo, tó bá dì kí wọ́n kó o dà sínú dọ́sítíbìn. Omi odó, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni kí wọ́n dà á sí. Mo ti ra asẹ́ kékeré tó ń bo ojú ihò sínkì fún wọn, owó ẹ̀ ò tó ohun tí màá gbà lọ́wọ́ ẹ.

Ṣó o mọ̀ pé wọ́n ti ra kọ́sítíìkì tí wọ́n fẹ́ dà sí i tẹ́lẹ̀? Mo ní kí wọ́n gbé e kúrò ńlẹ̀. Nǹkan yẹn máa ń gbóná gan-an tó bá ti kan omi, tó bá ta sójú ọmọ, tani ká bi, páìpù rọ́bà gan-an lè tẹ̀. Ó tún máa ń pa àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń jẹ ìgbẹ́ inú sẹ́pítíkì tánkì, ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí tánkì tètè kún.

Ti bálùwẹ̀, irun atáṣímẹ́ǹtì ló dí i, a ti fà á jáde. Mo kìlọ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ ju wáìpùsì ọmọ sínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì, kì í yọ́ bíi tíṣù. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì àlejò tí wọ́n ní ó ń rùn, kò dí o, wọn ò lò ó ni, omi tó máa ń dúró níbi kọ́nà páìpù ti gbẹ, òun ló ń dí òórùn àti aáyán lọ́nà. Kí wọ́n kàn máa da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibi tówó ẹ máa lọ gan-an nìyí. Àwọn tó bá ẹ kọ́lé darí omi òrùlé sínú sókàwéè, ihò tí omi sẹ́pítíkì tánkì ń ṣàn wọ̀ kó lè mu sílẹ̀! O mọ bí àpáta ṣe pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ wa, nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ dé orí òkúta ni wọ́n dáwọ́ dúró, omi ò ráyè mu sílẹ̀ dáadáa, tí òjò bá wá rọ̀ tí omi òrùlé tún ya wọ ibẹ̀, kí ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì fẹ́ ṣe tí ò ní kún padà? Plọ́ńbà ní ká yọ páìpù òjò yẹn kúrò, ká darí ẹ̀ sí gọ́tà iwájú ilé, páìpù àti iṣẹ́ ọwọ́ ni, kò kan fífọ́ ilẹ̀ inú ilé. Màá fi fọ́tò àti iye tó bá pè ránṣẹ́ lálẹ́ yìí.

Dá mi lóhùn kó tó di Sátidé o, torí plọ́ńbà ní iṣẹ́ kan ní Ìkẹ́rẹ́ tó fẹ́ lọ ṣe, tó bá ti lọ, ó dìgbà tó bá dé. Bá mi kí Bàbá Tómi dáadáa, kó o sì ní kí Tómi pè mí, ó ti gbàgbé mi.

Èmi ni,
Ìyá Dámi