Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì: òdòdó tí mo fẹ́ sọ lórúkọ

McMinnville, Tennessee
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn

Ìyá Ìbejì mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Ìbejì ńkọ́? Táyé àti Kẹ́hìndé ńkọ́, ṣé wọ́n ti dẹ́kun fífi ìwé rẹ ṣe ọkọ̀ òfurufú? Mo mọ̀ pé wàá béèrè ohun tó dé tí n kò pè ẹ́, tí mo jókòó tí mò ń kọ lẹ́tà bí ará àtijọ́. Tí mo bá pè ẹ́, ẹ̀rín la máa rín títí dátà á fi tán, ohun tí mo fẹ́ sọ kò sì ní jáde lẹ́nu mi. Nínú lẹ́tà, o lè bú mi láàárín ìlà kan sí èkejì, n kò ní gbọ́.

Àwọn ìròyìn kéékèèké nìyí: orúnkún Màmá ti ń san, Dẹ̀jọ ti bí ọkùnrin, onílé mi ti fowó kún owó ilé, mo sì ti ra Corolla àlòkù kan tó ń wúkọ́ nígbà òtútù. Ó tán. Ọ̀rọ̀ òdòdó ló kù.

Hydrangea tí mo fi ń dà ẹ́ láàmú lórí WhatsApp yẹn ni o, èyí tó o bi mí pé ṣé wọ́n ń sè é ni. Wọn kì í sè é, ewé rẹ̀ lóró. Àmọ́ tó o bá rí owó tí wọ́n ń kó lé e níbí, wàá bá mi wá ilẹ̀ sí Àlàbàtà. McMinnville yìí, nọ́sìrì, oko tí wọ́n ti ń tọ́ igi tà, ni iṣẹ́ ìlú. Tó o bá wa ọkọ̀ gba ojú ọ̀nà wọn, igi inú ìkòkò ni wàá máa rí lọ́tùn-ún lósì títí wàá fi rò pé oko ẹnì kan ṣoṣo ni.

Nọ́sìrì tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ti yan ọ̀kan nínú àwọn ọmọ igi mi. Wọ́n fẹ́ gba pátẹ́ǹtì lé e lórí, ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fúnni lórí ohun tuntun. Mo ti ń rò pé wàá pariwo. Ṣe sùúrù ná.

'Penny Mac' ni ìyá rẹ̀, òdòdó tí wọ́n fi orúkọ obìnrin kan ní Atlanta sọ, ẹni tó dá ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn hydrangea sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀ kò lórúkọ, nọ́ńbà ni wọ́n kọ sí i lára, ṣùgbọ́n a mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ọmọ àlè. Ohun tí mo rí lára 'Penny Mac' ni pé ó máa ń tanná lórí ẹ̀ka tuntun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹbí rẹ̀, ẹ̀ka ọdún tó kọjá ni wọ́n ń kó èéhù òdòdó wọn pamọ́ sí. Ní Tennessee níbí, oòrùn oṣù kẹta á tàn wọ́n, wọ́n á rúwé, òtútù oṣù kẹrin á wá jó wọn dúdú. Ẹni tó fowó rà á á wá máa wo ewé lásán títí ọdún á fi yí po. Látìgbà tí 'Endless Summer' ti jáde láti Minnesota ní 2004, tó ń tanná lórí ẹ̀ka àtijọ́ àti lórí tuntun, gbogbo nọ́sìrì ló ń wá tirẹ̀.

Iṣẹ́ ojú ni, ọ̀rẹ́ mi. Òdòdó ńlá tó máa ń wù ẹ́ nínú fọ́tò yẹn, àgàn ni gbogbo wọn, ẹwà ni wọ́n wà fún. Àwọn tó ń bímọ kéré, wọ́n sá pamọ́ sáàárín wọn. Màá já àwọn àgàn kúrò, màá fi ẹ̀mú tín-ínrín yọ akọ inú àwọn kékeré kó tó tú lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀, màá gbé lẹ́búlẹ́bú bàbá lé abo lórí, màá sì fi àpò bò ó kí oyin má bàa bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Nígbà ìwọ́wé ni èso rẹ̀ ń gbẹ. Irúgbìn inú rẹ̀ kéré débi pé tó o bá sín sí i, iṣẹ́ ọdún kan ti bá afẹ́fẹ́ lọ. A kì í fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ìmọ́lẹ̀ ló fi ń hù. Tó bá hù, ìdúró ló kù, nítorí wàá tọ́ ọ, wàá tún un lọ́, kó tó fi ojú òdòdó hàn ẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ààtàn ni mo dà wọ́n sí láìwẹ̀yìn. Ìwọ tó ò lè da ìyókù ẹ̀bà nù, o ò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Èyí tí mò ń sọ wà ní ìpẹ̀kun tábìlì nínú ilé ọ̀rá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù. Ọ̀pá rẹ̀ dúdú, dúdú tó ní elésè àlùkò nínú. Ewé rẹ̀ nípọn, àrùn bí ìyẹ̀fun funfun tó ń mú àwọn yòókù kò bà á. Etí òdòdó rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ wá ńkọ́? Mú aṣọ funfun tí ìyá ọkọ rẹ rì sínú ìkòkò aró lẹ́ẹ̀kan péré, tí wọn kò rì lẹ́ẹ̀kejì, tó ti gbẹ tán lórí okùn. Òun gan-an nìyẹn. Ọjọ́ tí mo rí i, mo kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíì ti rí i ṣáájú mi.

Mo gé ẹ̀ka rẹ̀ rì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin wọ́n ti ta gbòǹgbò. Mo tún gé lára àwọn yẹn náà. Ọmọ àti ọmọ ọmọ, kò sí èyí tó yà kúrò lára wọn. Ohun tí òfin ibí ń fẹ́ nìyẹn, òfin tó ti wà láti 1930: kí igi náà jẹ́ tuntun, kó yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí ayé mọ̀, kó sì jẹ́ pé láìlo irúgbìn lo fi sọ ọ́ di púpọ̀. Igi àkọ́kọ́ tó gba irú pátẹ́ǹtì bẹ́ẹ̀, rose kan ni, 'New Dawn', ní 1931. Títanná léraléra ló gbé òun náà débẹ̀. Tó o bá ti gba pátẹ́ǹtì yìí, 20 ọdún ni, láti ọjọ́ tí o bá kọ̀wé, tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́dọ̀ gé ẹ̀ka rẹ̀ rì láìgbàṣẹ.

Èmi ni wọ́n ní kí n kọ bí ó ṣe rí. Ìyá Ìbejì, o ò tíì rí ìjàngbọ̀n. Gígùn ewé, fífẹ̀ ewé, òkè ewé, abẹ́ ewé, iṣan rẹ̀, ọrùn rẹ̀, ọjọ́ mélòó ni òdòdó kan ń lò kó tó rọ, ṣé ó ní òórùn. Mo kọ ọ́: kò ní òórùn. Àwọ̀ ni baba gbogbo rẹ̀. O ò gbọ́dọ̀ kọ "búlúù" lásán, wọ́n á dá a padà fún ẹ. Káàdì àwọ̀ kan wà, ti Royal Horticultural Society, ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ọgbà ní London, tó ní ju 900 àwọ̀ lọ. Wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ìdì, tó o bá là á ó tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀. Ihò wà nínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Wàá gbé ihò yẹn lé òdòdó, wàá máa ṣí káàdì lọ títí òdòdó inú ihò àti káàdì tó yí i ká á fi di ọ̀kan lójú rẹ. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ nínú oòrùn, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ lábẹ́ iná mànàmáná. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí àríwá ni mo gbé tábìlì sí. Mo kọ Violet-Blue 94B. Ìkùukùu bo ojú ọ̀run, ó di 94C. Mo jókòó ti òdòdó níbẹ̀, mò ń dúró de ìkùukùu, ọmọ Mẹ́síkò tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí bóyá mò ń gbàdúrà ni.

Nígbà tí mo sì rí i mú, mo tún gbọ́dọ̀ kọ pé kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀ níbi gbogbo. Ilẹ̀ ló ń pàṣẹ fún hydrangea. Tí ilẹ̀ bá kan, tí pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n kíkan ilẹ̀) wà ní 5.5 tàbí kó lọ sísàlẹ̀, alumíníọ̀mù inú ilẹ̀ á yọ́, gbòǹgbò á fà á, òdòdó á di aró. Tí o bá da láìmù (ẹfun, kì í ṣe ọsàn) sí ilẹ̀ yẹn, alumíníọ̀mù á há, igi kan náà á sì tan òdòdó píǹkì. Ìyàwó ọ̀gá wá fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ ní "Blue" nínú. Mo ní, Mà, tí ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹfun bá rà á ńkọ́, tí "Blue" tanná píǹkì sí i lọ́wọ́? Ó wò mí bí ìgbà tí mo bú ìyá rẹ̀.

Mo dárúkọ tèmi. Mo ní kí wọ́n pè é ní 'Itoku'. Mo lérò pé wọ́n á ní ẹnu àwọn kò gbà á. Ọ̀gá pè é lẹ́ẹ̀kan, ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ó dùn lẹ́tí, ó dún bí orúkọ ará Japan, ibẹ̀ náà sì ni òdòdó yìí ti ṣẹ̀ wá. N kò sọ nǹkan kan. Jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó bá dé Abẹ́òkúta, tó rí àwọn oní-àdìrẹ lórí ìlà ní ọjà Itoku, yóò mọ̀.

Ó dára. Jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí.

Ìwé tí agbẹjọ́rò nọ́sìrì fi ránṣẹ́ pé kí n kọ gígùn ewé sí, mo ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀. Níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó ṣàwárí igi sí, orúkọ ọmọ ọ̀gá nìkan ló wà níbẹ̀. Ọmọ ọ̀gá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé! Ìgbà tí igi yìí kọ́kọ́ tanná, kò sí ní Tennessee rárá. Mo ka ojú ewé yẹn títí. Mo wá ṣí èkejì, mo sì ń kọ gígùn ewé lọ, nítorí kí ni mo tún lè ṣe lọ́jọ́ yẹn?

Kì í ṣe owó ni mò ń jà fún. Ìwé tí mo fọwọ́ sí nígbà tí mo gba iṣẹ́ sọ pé ohun tí mo bá ṣe níbẹ̀, tiwọn ni. Kí wọ́n máa jẹ ẹ́. Àmọ́ olówó ọ̀tọ̀, ẹni tó ṣàwárí ọ̀tọ̀. Ẹni tó rí igi náà tó sì mọ̀ pé ó yàtọ̀ ni òfin ní kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, ìwé ẹ̀tọ́ náà sì lè dàrú tí orúkọ bá jẹ́ irọ́. Lóòyà tó ń bá mi ṣe ìwé ìgbélùú sì ti sọ pé tí orúkọ mi bá wà lórí pátẹ́ǹtì, ó máa ràn mí lọ́wọ́ gan-an. O mọ bí ọ̀rọ̀ ìwé mi ṣe wà. N kò lè máa ka oṣù báyìí títí irun mi á fi funfun, kí n wá padà wálé wá bá ẹ pín yàrá bíi ti Camp, kí o tún máa jí súgà mi.

Mi ò tíì bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ènìyàn dáadáa ni, òun ló gbé mi lọ sílé ìwòsàn nígbà tí ọwọ́ mi wú. Ó lè jẹ́ pé agbẹjọ́rò ló ṣèèṣì kọ ọ́. Ó sì lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé tí mò ń kọ nǹkan sí nínú ilé ọ̀rá, ọ́fíìsì wọn ló ń sùn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi. Fóònù tí mo fi ya igi yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti kú, kò sì jí mọ́.

Ọ̀dọ̀ rẹ ló kù. Ọjọ́ tí mo rí i, ìwọ ni mo kọ́kọ́ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí, pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń pariwo pé kí o wá wo ọmọ tí mo bí. Ìwọ tó ò kì í pa nǹkan rẹ́, tí ohùn Alàgbà ìgbà àríyá Rónkẹ́ ṣì wà lórí fóònù rẹ, jọ̀ọ́, bá mi wá a. Má kàn taari rẹ̀ sí mi o, ọjọ́ tuntun ló máa gbé wá. Ya ojú fóònù náà kí ọjọ́ àti aago hàn, fọ́tò àti ohùn pọ̀. Tí o bá lè kó gbogbo ọ̀rọ̀ wa ti oṣù yẹn jáde, fi ránṣẹ́ sí mi lórí ímeèlì. Yọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ pásítọ̀ kúrò.

Ìbéèrè kan tún wà, mo sì bẹ̀ ẹ́, má purọ́ fún mi: ṣé o gbé fọ́tò yẹn sórí Facebook? Òfin ibí kò fẹ́ kí ohun tí wọ́n fẹ́ gba pátẹ́ǹtì lé lórí ti wà níta gbangba ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó kọ̀wé. Ó ṣeé ṣe kí fọ́tò lásán má tó nǹkan, àmọ́ mo fẹ́ mọ̀ kí n tó lanu níwájú ọ̀gá lọ́jọ́bọ̀. N kò ní bínú. Tí mo bá sì bínú, òkun ńlá wà láàárín wa.

Má jẹ́ kí Màmá gbọ́. Tí wọ́n bá bi ẹ́, sọ pé mo ń jẹun dáadáa.

Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Fọláṣadé

Mo tún rántí: bá mi bi ìyá ọkọ rẹ bóyá inú kò ní bí wọn tí òyìnbó bá ń ta òdòdó tó ń jẹ́ Itoku. Tí wọ́n bá béèrè owó, nọ́sìrì ló ni ín, kì í ṣe èmi.