Ẹ wo omi kí ẹ tó da ajílẹ̀

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Inú ló ń bí mi tí mo fi mú kálámù.

Yúríà, ajílẹ̀ òyìnbó, ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlú tún wá dà sí pápá ìjẹko tó wà nísàlẹ̀ òkè, lẹ́yìn oko mi níbí ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́tàdínlógún tí òjò ti dáwọ́ dúró. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dúró de òjò. Èyí tó di bébà mú nínú wọn dá mi lóhùn pé, "Bàbá, iṣẹ́ wa là ń ṣe." Ó dáa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìrì sẹ̀, oòrùn ràn, gbogbo pápá ń rùn bí ìdí ògiri tí wọ́n ń tọ̀ sí. Òórùn yẹn gan-an ni ajílẹ̀ tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Owó ìlú ni.

Kí ló ṣe wọ́n tí wọn kì í wo omi kí wọ́n tó da ajílẹ̀? Gbòǹgbò ò léyín. Omi ló ń yọ́ oúnjẹ inú ilẹ̀ kí gbòǹgbò tó rí i fà mu. Lọ́dún tó kọjá, màlúù ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Fúlàní sùn níbi méjì nínú oko mi. Létí odò, eruwà ga ju èèyàn lọ. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, màlúù kan náà, ìgbẹ́ kan náà, ẹ̀kan gbígbẹ ni mo rí.

Àwọn òyìnbó tí wọ́n ń wò kọ́ṣe mọ èyí. Ní pápá Kansas ní Amẹ́ríkà, lọ́dún ọ̀dá, omi ló ń wọ́n koríko. Bí òjò bá pọ̀, náítírójìn, oúnjẹ ewéko tó wà nínú yúríà, ni kì í tó o mọ́. Ní Rothamsted, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1856 ni wọ́n ti ń da ajílẹ̀ sí pápá kan láti mọ ohun tó máa ṣe. Níbi tí náítírójìn ti pọ̀, koríko gíga díẹ̀ gba gbogbo ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ewéko kéékèèké sì pòórá. Ẹ máa da ajílẹ̀ lọ!

Ohun tí mo fẹ́ rèé: òkúta. Òkè tó yí wa ká ò ní í gbowó lọ́wọ́ wa. Kí wọ́n tò ó ní ìlà ní ìbú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, kó ga dé kókósẹ̀, kí ìlà kan sì jìn sí èkejì tó ogún ìṣísẹ̀. Omi òjò á bá a pàdé, á dúró, á wọlẹ̀, á sì fi ewé àti ìgbẹ́ tó ń wọ́ bọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ìlà náà gbọ́dọ̀ tẹ́jú o. Rọ́bà gígùn tí a bu omi sí là ń fi wọ̀n ọ́n, torí bí ibì kan bá rẹlẹ̀, ibẹ̀ lomi máa gbẹ́ di kòtò. Èmi àti àwọn ọmọ mi to ìlà mẹ́ta, iyán la fi ṣe owó iṣẹ́. Òkè ìlà ni koríko ti kọ́kọ́ tutù.



Mo tún un sọ: wọn kì í wo omi! Àpò yúríà tó kù ṣì wà nínú ọkọ̀ wọn. Kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí ibi gbígbẹ, kí wọ́n fi ọkọ̀ náà kó òkúta fún wa.

Èmi àgbẹ̀ oníṣu kan,
Ṣábẹ̀ẹ́.