Àkànní, nítorí fídíò àná

Àkànní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Fídíò tí o fi sí gúrúùpù ẹbí wa lórí WhatsApp lálẹ́ àná ló mú mi kọ̀wé yìí. Mo wò ó dé ibi tí wọ́n ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ yẹn, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Mi ò lè wò ó tán. Wọ́n ní ọkùnrin bíi tirẹ̀ ló ń fẹ́. Ẹ̀rín tí ìwọ kọ sábẹ́ rẹ̀ ló dùn mí jù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí. Nígbà tí oyún rẹ wà nínú mi, ọkùnrin télọ̀ kan ń gbé àdúgbò wa ní Mọ́kọ́lá. Kò sẹ́ni tó mọ ọrùn bùbá gé bíi tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni léèsì tí mo fẹ́ fi kó ọ jáde wà. Bí wọ́n ṣe ní òun àti ọkùnrin kan ń fẹ́ra nìyẹn, ni lánlọ́ọ̀dù bá lé e jáde lọ́jọ́ òjò. Òun nìkan ló gbé maṣíìnì rẹ̀ rù, gbogbo wa dúró, à ń wò ó. Mo sáré bá a. Ṣé o mọ ohun tí mo bi í? Léèsì mi dà? Ó sọ maṣíìnì kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó tú báàgì rẹ̀, ó fà á lé mi lọ́wọ́. Ó ti wé e sínú ọ̀rá kí òjò má baà pa á. Ó wo ikùn mi, ó ní, “A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.”

Ìwọ lọmọ náà, Àkànní.

O lè sọ pé òfin wà. Ó wà lóòótọ́. Oṣù Kìíní ọdún 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí i, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ọkùnrin méjì tó bá fẹ́ra sílé. Mi ò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n òfin yẹn pàápàá kò ní kí ẹnikẹ́ni bọ́ ọmọlọ́mọ sí ìhòòhò lójú títì. Àwọn tó ń pariwo pé nǹkan òyìnbó ni, òyìnbó gan-an ló kọ́kọ́ fi irú òfin ẹ̀wọ̀n báyìí jẹ wá nígbà ìjọba amúnisìn. Ní England, láti 1967 ni wọn kò ti fi ọkùnrin méjì tó pé ọmọ ọdún 21 sẹ́wọ̀n mọ́ nítorí ohun tí wọ́n ṣe nínú yàrá wọn. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹta 2014, irú wọn ti ń ṣègbéyàwó níbẹ̀.

O mọ̀ pé ọmọ ìjọ ni mí. Mi ò rí i kà níbì kankan pé ká máa fi igi na ẹni tí kò ṣe wá ní nǹkan kan. Ẹ̀tọ́ tí ìwọ ní láti rìn délé láyọ̀, ọmọ inú fídíò yẹn náà ní in.

Pa fídíò náà rẹ́. Lẹ́yìn náà, kí o bẹ àwọn àbúrò rẹ tó wà nínú gúrúùpù, nítorí wọ́n rí ẹ̀rín rẹ. Tí o bá ti ṣe é, pè mí, bó ti wù kí ilẹ̀ ti ṣú tó. Mi ò ní tíì sùn.

Èmi ni ìyá rẹ.