Àbẹ̀kẹ́, Wọ Yàrá Kí O Tó Ka Èyí

Ẹ̀bá Aubusson,
Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà? Bàbá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ gbogbo ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, títí kan èyí tí o ti ń bá aláta jà lọ rẹrẹẹrẹ kí o tó rántí pé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀. Ìdí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà gan-an nìyẹn. Bí mo bá fi ohùn sọ ohun tó wà lẹ́nu mi yìí, wàá tàn án sókè láàárín ṣọ́ọ̀bù, yóò ti dé Òkè-Ajé kí oníbàárà tó gba ṣéńjì, kílẹ̀ tó ṣú ó ti dé ọ̀dọ̀ Màámi. Nítorí náà, wọ yàrá, kí o tilẹ̀kùn.

Mo ń ra ilé.

Rọra ná, má tíì pariwo. Ibí yìí ni mo ti ń rà á, ní abúlé, ní ẹkùn Creuse, láàárín gbùngbùn ilẹ̀ Faransé, níbi tí màlúù ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Ilé olókùúta ni, yàrá mẹ́ta, ilé ìdáná tí èéfín igi ti sọ àjà rẹ̀ di dúdú, pápá kékeré kan lẹ́yìn. Ilé kejì sí i ni mo háyà láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì ti mọ ibi tí òjò ti ń jò wọ inú rẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni fi hàn mí. 60,000 yúrò ni wọ́n ń tà á. Ní Peckham, owó yẹn kò lè ra ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Wàá ní kí ló dé tó fi pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ni ibẹ̀ ti lọ ni. Láyé àtijọ́, àwọn ọkùnrin Creuse a máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí Paris bí òtútù bá ti ń lọ, wọn a lọ bá wọn mọlé, wọn a padà sílé kí òtútù mìíràn tó mú. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn kan ò padà mọ́. Ní 1851, ènìyàn tó wà ní ẹkùn yìí lé ní 280,000. Lónìí wọn ò tó 120,000. Ọ̀kan nínú àwọn bíríkìlà yẹn, Martin Nadaud, di aṣòfin ní 1849, nígbà tí ìjọba sì lé e kúrò nílùú, England ló sá lọ, ó ń kọ́ àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ní èdè Faransé jẹun. Nígbà tí mo gbọ́ ìtàn ọ̀hún, mo ní ṣé ó dá wọn lójú pé bàbá yìí kì í ṣe Ìjẹ̀bú?

Ìròyìn gidi wá kù. Ìyá tó nilé kú, ó fi í sílẹ̀ fún ọmọ mẹ́ta. Òfin ibí ò gbà kí òbí yọ ọmọ kankan kúrò nínú ogún. Bí ọmọ bá ti pé mẹ́ta, tiwọn ni ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, wọn ìbáà jẹ́ ọmọ gidi tàbí ọmọ àlè. Gbogbo wọn ló ni ilé náà pọ̀, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó di títà. Ẹ̀gbọ́n ń gbé ní Limoges, òun ló ń sáré tà. Èyí àárín ń gbé ní Bordeaux, ohun tí ìyàwó rẹ̀ bá sọ ni. Àbíkẹ́yìn wà ní Kánádà, òun àti Ẹ̀gbọ́n kò sì bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. Kí ni wọ́n ń jà sí? Kọ́bọ́ọ̀dù! Kọ́bọ́ọ̀dù onígi ńlá kan tó wà ní yàrá òkè. Àbíkẹ́yìn ní ìyá àwọn ti fún òun kó tó kú. Ẹ̀gbọ́n ní kò sẹ́lẹ́rìí. Bẹ́ẹ̀ ni kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀hún kò tilẹ̀ lè gba ẹnu ọ̀nà jáde, inú yàrá níbẹ̀ ni káfíńtà ti kàn án. Ìyá Ológbò tó múlé tì mí ló sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, wọ́n fi tíì gbígbóná kan àti bísíkíìtì tó ti dógbó sọ ọ́, wọ́n sì búra pé àwọn ò kì í ṣe òfófó. Ṣé o rántí ọ̀rọ̀ àga Bàbá Àgbà yín? Òun náà rèé, fìlà òyìnbó ló dé.

Àbíkẹ́yìn ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ti àkọ́kọ́ o. Ìwé kejì ló kù, ìyẹn ìwé tí yóò fi yan ẹni tí yóò bá a fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tí ilé máa di tèmi. Ìwé náà ni kò tíì dé láti Kánádà. Lófin, kò lè yí ohùn padà mọ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lọ sí kóòtù nítorí kọ́bọ́ọ̀dù? Mo ti ní kí notaire sọ fún un pé kí ó wá gbé e nígbà tó bá wù ú, èmi ò fẹ́, aṣọ mi ò tó nǹkan tí mo ń kó sínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Notaire yìí, òṣìṣẹ́ ìjọba ni nídìí ìwé ilé àti ogún, kò sí ẹni tó lè ra ilé níbí láìdé iwájú rẹ̀. Ó ń tọpa ẹni tó ti ni ilé náà sẹ́yìn títí dé ọgbọ̀n ọdún. Owó àsansílẹ̀, ìdá mẹ́wàá, ọwọ́ tirẹ̀ ni mo san án sí, kò kan ẹni tó ń tà. Lẹ́yìn ìwé àdéhùn, òfin fún mi ní ọjọ́ mẹ́wàá láti ronú, kí n ní n kò ṣe mọ́, láìsọ ìdí fún ẹnikẹ́ni. Àbẹ̀kẹ́, ìwọ tí o mọ ohun tí ojú wa rí ní Sagamu, o lè fojú inú wo bí mo ṣe ń wo ìwé yẹn. Ọmọ onílẹ̀ kankan ò wá. Ẹnì kan ò fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri. Èyí tó jọ ọmọ onílẹ̀ jù ni àjọ kan tí wọ́n ń pè ní SAFER: nítorí pápá tó wà lẹ́yìn ilé, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi í bóyá yóò rà á fún àgbẹ̀, oṣù méjì ló sì ní láti fèsì. Ó ti ní òun ò fẹ́. Kò tilẹ̀ gba ẹmu.

Iṣẹ́ ń lọ. Ìkànnì náà ni mo ṣì ń ṣe fún àwọn oníbàárà Lọ́ńdọ̀nù àti ti Èkó, aago wa pẹ̀lú Èkó sì dọ́gba títí di ìparí oṣù yìí. Fáíbà ti wọ abúlé, dókítà ni kò sí. Íntánẹ́ẹ̀tì mi yá ju ti Peckham lọ, ṣùgbọ́n bí eyín bá dìde sí mi, ó di ọwọ́ Ọlọ́run. Micro-entrepreneur ni ìjọba ń pe irú wa tó ń dá iṣẹ́ ara wa ṣe. N kò san kọ́bọ̀ láti forúkọ sílẹ̀, àmọ́ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni mò ń sọ iye tó wọlé fún Urssaf, àjọ tó ń gba owó ìlera àti ti ìfẹ̀yìntì, bí kò bá sì sí nǹkan tó wọlé, mo gbọ́dọ̀ kọ òdo síbẹ̀. Nínú 100 yúrò, bíi 25 ni wọ́n ń yọ, owó orí ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Inú mi a máa ru lọ́jọ́ tí mo bá sanwó náà, mo wá rántí iye tí lánlọ́ọ̀dù Lọ́ńdọ̀nù ń gbà, ara mi a balẹ̀.

Pásípọ́ọ̀tì Gẹ̀ẹ́sì tí o fi ń pè mí ní ọmọ ọba yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ níyì níbí mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù: 90 ọjọ́ nínú 180, o di ẹrù rẹ. Físà oníṣẹ́ ara-ẹni ni mo gbà wá, mo sì ní láti fi hàn pé iṣẹ́ ọ̀hún lè bọ́ mi. Ilé rírà ò kún un. Ènìyàn lè ra gbogbo abúlé yìí tán, kò ní kí wọ́n tún ìwé rẹ̀ ṣe. Tèmi yóò tó tún ṣe nígbà tí ewé bá ń rẹ̀. A ò ní sọ ìyẹn lónìí.

Ó yá, rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé n kò mọ mọ́tò wà? Níbí, mọ́tò kékeré kan wà, ìjókòó méjì, kì í sáré ju 45 kìlómítà lọ ní wákàtí, àwa tí wọ́n bí wa ṣáájú 1988 sì lè wà á láìní láísíǹsì. Òun ni mo fi ń lọ ọjà. Bí mo bá wà níwájú, katakata àgbẹ̀ a máa fọn fèrè lẹ́yìn mi. Faransé tí Mùsíọ̀ fi pàṣán kọ́ wa sì ti wúlò níkẹyìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kọ́ wa ní orúkọ páìpù kankan. Bí o bá wọ ilé oníbúrẹ́dì tí o kò kọ́kọ́ kí ènìyàn, wọn ò ní dá ọ lóhùn. Màámi á fẹ́ràn wọn.

Ọjọ́ kan ni Ìyá Ológbò bi mí bóyá mo wà lára “àwọn ọmọ yẹn”. N kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn ọmọ Réunion ni, erékùṣù Faransé kan tó wà lójú òkun níwájú Madagásíkà. Láàárín 1962 sí 1984, ìjọba kó ọmọ tó lé ní 2,000 níbẹ̀ wá sí àwọn abúlé tí ènìyàn ti tán bí ibí yìí, wọ́n ṣèlérí ilé ìwé fún wọn, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé oko ni wọ́n bá ara wọn. Òbí mìíràn tẹ̀ka síwèé tí kò lè kà. 2014 ni ilé aṣòfin tó gbà pé ìjọba jẹ̀bi. Ìyá Ológbò ní ọ̀kan wà nílé àbúrò ọkọ àwọn, kì í sọ̀rọ̀, ó mọ igi là. N kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn wá, owó mi ni mo fi ń ra ilé, síbẹ̀ mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ìgbà tí Màámi gbọ́ ohùn mi kẹ́yìn.

Ibi tí mò ń lọ nìyẹn.

Báńkì ò yá mi lówó. Ìwé ìṣirò ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó dá dúró. Owó ìwé tí notaire ń gbà sún mọ́ 6,000, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti ìjọba. Àwọn tó yẹ sọkawéè wò ní kò bófin mu, ọdún kan ni òfin fún ẹni tó bá ra ilé láti tún un ṣe, ẹni tó sì yá lọ́wọ́ jù nínú àwọn tó bá mi díye lé e kò gbà kí ó dín ní 8,000. Nítorí náà, owó yẹn ni, Àbẹ̀kẹ́. Èyí tí a jọ mọ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀. Ìpìlẹ̀ tí Màámi ń sanwó ro koríko kúrò lórí rẹ̀ lọ́dọọdún, kò ní ga ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún yìí, kò sì ní ga lọ́dún tó ń bọ̀.

Jọ̀ọ́, bá mi lọ sọ fún wọn. N kò lè sọ ọ́ lórí fóònù, bí wọ́n bá ti ní “Àjọkẹ́ ọmọ mi, ìgbà wo la máa dé búlọ́ọ̀kù lé e?” irọ́ ni yóò bọ́ lẹ́nu mi. Sístà Peckham ti mọ̀, ó sì ń bọ̀ wá jó lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Bó bá débẹ̀ ṣáájú rẹ, yóò ní mo ti ta orílẹ̀ mi fún òyìnbó. Lọ kí Ìléyá tó dé, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, nígbà tí wọ́n bá jẹun tán, tí wọ́n wà nídìí òfì. Má sọ iye owó. Sọ fún wọn pé ìlú ahunṣọ ni Aubusson, pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún tí wọ́n ti ń hun aṣọ ara ògiri níbẹ̀, ẹ̀yìn aṣọ ni ahunṣọ sì ń kọjú sí, kì í rí ojú rẹ̀ títí yóò fi já a. Wọn yóò bi ọ́ bí wọ́n ṣe ń ta òwú rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí o ti wọlé sí wọn lára. Bí wọ́n bá bínú, fi fóònù sí wọn létí kí n bẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá dákẹ́, má pè mí lọ́jọ́ náà.

Mo ti fi owó ọkọ̀ àti ti obì sínú àkáǹtì rẹ. Bàbá Ìbejì ò gbọdọ̀ mọ iye tó jẹ́, yóò ní kí o fi ra táyà. Bí Kánádà bá fọwọ́ síwèé, wàá gbọ́ igbe mi láìsí WhatsApp.

Èmi ni,
Àjọkẹ́ rẹ.