Ògiri Ni Kí Ẹ Díyelé, Kì Í Ṣe Pákó

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ káfíńtà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹjọ́ kan náà ni púpọ̀ nínú yín ń kó wá bá mi: iṣẹ́ parí, ilé dùn ún wò, onílé yìn yín, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ ka ohun tó kù lọ́wọ́, kò tó owó oúnjẹ ọmọ iṣẹ́. Kì í sì í ṣe orí àga tàbí kọ́bọ́ọ̀dù ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ ìparí ilé ni: àkítíréèfù tó ń yí férémù ilẹ̀kùn ká, sìkẹ́tíìnì ẹsẹ̀ ògiri, pákó tí a fi ń bo ara ògiri pálọ̀, àti èyí tó ń bá ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn gòkè.

Pákó lẹ ń díyelé. Ẹ ka ilẹ̀kùn, ẹ wọn ẹsẹ̀ ògiri, ẹ sọ ọ́ di owó, ẹ dárúkọ. Ìyẹn ì bá dára ká ní gbogbo ògiri ló tọ́. Ṣùgbọ́n àwa la máa ń dé kẹ́yìn. Bíríkìlà ti lọ, ẹni tó rẹ́ ògiri ti lọ, onítáìsì ti gba owó rẹ̀. Ibi tí ògiri wú, ibi tó jìn, igun tí kò gún, ilẹ̀ tó ga níhìn-ín tó rẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, gbogbo rẹ̀ ń dúró de ẹni tí yóò fi pákó bò ó. Bí ẹ kò bá kà á mọ́ owó yín, gbèsè bíríkìlà lẹ ń bá a san.

Nítorí náà, ẹ má ṣe dárúkọ owó lórí fọ́tò. Wọ́n á fi í ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp pé, “Ọ̀gá, ẹ wò ó, èló ni?” Ẹ dá wọn lóhùn pé ẹ̀ ń bọ̀. Fọ́tò kì í fi ògiri tó wú hàn. Ẹ mú okùn, léfẹ̀lì, tépù àti ọ̀pá gígùn kan tó tọ́ dáadáa dání. Ẹ fi ọ̀pá náà lé ara ògiri, kí ẹ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní igun kọ̀ọ̀kan, ẹ wọn 60 sẹ̀ǹtímítà sí ògiri kan, 80 sí èkejì, kí ẹ wá wọn àárín àmì méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ 100 géérégé, igun náà gún. Bí ó bá lé, igun ti ṣí. Bí kò bá tó, ó ti pa. Ẹ kọ ti igun kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Onílé á rò pé ẹ̀ ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ jẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ igun nìyí. Àkítíréèfù tó fẹ̀ ní íńṣì 4, tí ẹ gé ẹnu méjèèjì rẹ̀ ní díígírì 45, bí igun férémù bá fi díígírì 2 péré yẹ̀, ẹnu ibi tí wọ́n ti pàdé á là tó nǹkan bíi mìlímítà 5 lápá kan. Àbùkù ńlá nìyẹn lójú ẹni tó ra ilé olówó ńlá. Igun 92, díígírì 46 ni ẹ óò gé apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ óò gé e lórí àjákù pákó kí ẹ tó gé èyí tó dára, ẹ óò dán an wò, ẹ óò tún un gé. Àkókò lèyí, àkókò sì lowó. Ní ti igun inú lẹ́sẹ̀ ògiri, ọwọ́ tèmi kò gba kí á gé méjèèjì ní 45. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan lọ gbá ògiri tààrà, kí ẹ gbẹ́ ẹnu èkejì kó bá ìrísí rẹ̀ mu. Ó pẹ́ jù, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá fa pákó sẹ́yìn, ojú rẹ̀ kì í là bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìṣirò orí ìwé. Ilẹ̀kùn kan, tí ẹsẹ̀ àkítíréèfù rẹ̀ gba mítà 2.2, tí orí rẹ̀ gba 1.1, mítà 11 ni tinú tìta. Ọ̀pá àkítíréèfù fíìtì 12 jẹ́ mítà 3.66, ẹ̀yin á sì sọ pé ọ̀pá mẹ́ta tó. Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ méjì kò lè jáde lára ọ̀pá kan, nítorí 4.4 ni méjì. Ẹsẹ̀ mẹ́rin túmọ̀ sí ọ̀pá mẹ́rin, kí orí méjèèjì wá jáde lára àjẹkù. Bí ilẹ̀kùn bá jẹ́ mẹ́wàá, ọ̀pá mẹ́wàá ni ẹ ti fi àpò yín rà fún onílé.

Férémù tó rì sínú ju ojú ògiri lọ, tàbí tó yọ síta, ẹ kà á lọ́tọ̀. Ẹ óò fi pákó kún un tàbí kí ẹ fi ráńdà, irinṣẹ́ tí a fi ń fá pákó, fá a, kò sí ọ̀nà kẹta. Ti ògiri tó tẹ̀ kọdọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ló le jù lọ: ẹ óò fi ayùn la ẹ̀yìn pákó ní ìlà-ìlà kó lè tẹ̀, tàbí kí ẹ fi gúlúù lẹ pákó tín-ín-rín mọ́ra lórí móòdù kó sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má ṣe fi mítà ka ìyẹn rárá. Ẹ fi ọjọ́ kà á.

Àwọn kan nínú yín á bá àtúnṣe ilé àwọn Àgùdà pàdé ní Erékùṣù Èkó. Àwọn tó ti Brazil padà wá mọ iṣẹ́ gan-an. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí João Baptista da Costa kọ́, tí wọ́n ṣí ní 1894, ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lọ wò ó. Ìrísí pákó irú ilé bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́jà. Ẹ̀yin lẹ máa lọ ọ̀bẹ tí yóò gbẹ́ ẹ. Owó ọ̀bẹ náà, ti onílé ni.

Bí ẹ bá ti ní gbogbo èyí, ẹ mọ owó ọjọ́ yín: ti ara yín, ti ọmọ iṣẹ́, epo jẹnẹrétọ̀, ọkọ̀, ayùn tó ń kú. Ẹ fi lu iye ọjọ́. Owó pákó wà lọ́tọ̀, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ owó iṣẹ́, nítorí iye tí wọ́n pè é lónìí lọ́jà pákó lè má jẹ́ iye rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ka ọjọ́ tí pákó yóò fi wà nínú yàrá náà kí ẹ tó kàn án pẹ̀lú. Bí ògiri kò bá tíì gbẹ, ẹ má gbé pákó wọlé.

Wọ́n á ná an. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Bí ẹ bá máa dín in, iṣẹ́ ni kí ẹ dín. Ibi tí ọ̀dà yóò bò, tí omi kò sì dé, ẹ fi MDF, pákó tí wọ́n fi okùn igi àti gúlúù tẹ̀ pọ̀, rọ́pò ìrókò. Ẹ yọ pákó ara ògiri yàrá àlejò kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí pé ẹnì kan ní “iṣẹ́ mìíràn ń bọ̀” fi ọjọ́ mẹ́wàá ṣe ọjọ́ mẹ́fà. Iṣẹ́ tó ń bọ̀ kì í ra epo tòní.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tí ẹ máa ṣe, ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ yín, bíi títún ògiri rẹ́ àti kíkun ọ̀dà, iye ọjọ́ tí owó pákó náà fi dúró, àti iye tí wọ́n máa san kí ayùn tó dún. Kí onílé fọwọ́ sí i, kí ẹ̀yin náà fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni,
Baba yín nínú iṣẹ́.