Kòkòrò páálí fún ọmọ ọdún 2: ta ló ń di sísọ́ọ̀sì mú?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ yìí dá lórí iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ máa ń tẹ̀ jáde fún àwọn òbí, èyí tí a fi ń sọ páálí àti àlòkù inú ilé di labalábá, ọ̀kùn tàbí yímíyímí. Wọ́n á kọ "fún ọmọ ọdún 2" sókè rẹ̀, àmọ́ ìlànà ìsàlẹ̀ á ní kí wọ́n gé, kí wọ́n lu ihò, kí wọ́n so òwú. Ọmọ ọdún 6 ni irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ń bá wí. Ohun tí ọwọ́ ọmọ ọdún 2 ká kò pọ̀: ó lè ya bébà, ó lè ti ìka bọ ọ̀dà, ó lè tẹ nǹkan, ó sì lè lẹ nǹkan mọ́ ibi tí gọ́ọ̀mù wà. Ìyókù, iṣẹ́ àgbà ni, kí àgbà sì ti parí rẹ̀ kí ọmọ tó jókòó. Sùúrù ọmọ náà kì í sábà ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Bí a bá fi 7 nínú rẹ̀ wá sísọ́ọ̀sì, ọmọ á ti bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ wo labalábá. Páálí fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di oúnjẹ gbígbẹ ló dára jù, torí bébà lásán á ya ní kété tí ọ̀dà bá rin ín. Ẹ gé e ní 20 sẹ̀ǹtímítà níbùú àti 14 lóròó, ẹ ká a sí méjì, kí ẹ sì gé ìyẹ́ láti etí tó ṣí wá, kí ojú ibi tó ká ṣẹ́ kù ní sẹ̀ǹtímítà 6. Ẹ kọ́kọ́ ká a kí ọ̀dà tó kàn án. Bí ó bá ti tutù, ibi tí ẹ bá ká á bó. Ẹ̀gbẹ́ inú tí kò dán ni kí ẹ kọ sókè. Omi kì í wọ ẹ̀gbẹ́ tó ń dán, ọ̀dà olómi á kàn máa yí lójú rẹ̀ bí omi orí ewé kókò. Ọmọ á wá kán ọ̀dà sí apá kan péré, ẹ̀kán 4, àwọ̀ 2. Ẹ pa á dé kíá, kí ọmọ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ ṣí i: apá kejì á ti gba àwòrán kan náà. Bí ẹ bá fún un ní àwọ̀ 5, gbogbo rẹ̀ á pò di àwọ̀ ẹrẹ̀, ọmọ ò sì ní rí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Páálí róbótó inú tíṣù ni ara labalábá. Gọ́ọ̀mù kì í sábà di ìyẹ́ mú lára ohun róbótó, torí ibi tí méjèèjì ti fara kan ara wọn kéré jù. Ẹ la páálí náà láti òkè wá sísàlẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 6, ní ẹ̀gbẹ́ méjì tó kọjú síra wọn, kí ọmọ ti ìyẹ́ náà bọ̀ ọ́ láti òkè. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí sísọ́ọ̀sì kọjá. Bí ojú ẹ̀là bá fẹ̀, ìyẹ́ á máa dojú bolẹ̀.

Ọ̀kùn rọrùn jù ú lọ. Ìlà kan lára kíréètì ẹyin, ojú 5 tàbí 6, ẹ dà á dojú bolẹ̀, kí ọmọ fi kànìnkànìn tó nípọn kùn ún ní ọ̀dà. Kíréètì tí wọ́n fi bébà rò ni kí ẹ lò, tí ẹyin kò fọ́ sí. Ti fóòmù funfun máa ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́ sẹ́nu ọmọ. Kí ọ̀dà ki, torí kíréètì bébà a máa mu omi, á sì rọ̀ wọ̀ọ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú.

Ojú ni ibi tí ewu wà. Bọ́tìnnì, ìlẹ̀kẹ̀ àti ojú oníke tó ń mì wà nínú ọ̀pọ̀ ìlànà, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 ṣì ń fi ẹnu mọ nǹkan. Ẹ fi páálí tíṣù yẹn kan náà wọ̀n ọ́n: ohun tó bá wọ inú rẹ̀ tán lè há ọmọ lọ́fun. Ìdérí ìgò omi wọlé, nítorí náà ẹ má fi ṣe ara yímíyímí. Ìdérí ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò ni kí ẹ lò, tí etí rẹ̀ kò mú, kí ọmọ ya bébà dúdú lẹ̀ ẹ́ lójú. Ọ̀dà kì í di ike mú, ṣe ló ń bó. Ojú náà, ẹ fi bírò yà á.

Ẹsẹ̀ yímíyímí kò gbọdọ̀ jẹ́ iye tó bá ṣáà ti wù wá. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ 3, ẹ lẹ̀ wọ́n ní ìbú sábẹ́ àárín ara, ọ̀kọ̀ọ̀kan á yọ sí ọ̀tún àti òsì: ẹsẹ̀ 6 nìyẹn, iye ẹsẹ̀ yímíyímí àti labalábá. Bí bébà náà bá jẹ́ 4, ẹsẹ̀ á di 8, aláǹtakùn lẹ ṣe, kì í sì í ṣe ẹbí wọn, bí àwòrán ọmọdé tilẹ̀ ń pa wọ́n pọ̀.

Ní ti gọ́ọ̀mù, ẹ po ife fúláwà 1 mọ́ ife omi tútù 1 títí kóró inú rẹ̀ á fi tán, ẹ dà á sínú ife omi híhó 3, kí ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú 2 sí 3 títí á fi ki. Ẹ má fi í sílẹ̀ láìsè, torí ọmọ á lá a, fúláwà tí iná kò kàn sì lè ní kòkòrò àrùn. Ọmọ tí àlìkámà kì í bá lára mu kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Nínú fíríìjì, ó lè lo ọjọ́ mélòó kan. Bí ó bá ti kan, ẹ dà á nù.

Bí ẹ bá tún fẹ́ tẹ irú iṣẹ́ yìí jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ "àgbà" tàbí "ọmọ" síwájú ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Òǹkàwé yín