Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Wa Lórí Àwọn Kọ̀ǹpútà Tí Wọ́n Kó Lọ

Sí Alága wa ọlọ́lá,
Nípasẹ̀ Akọ̀wé Káńsù.

Àwa olóyè ẹgbẹ́ àwọn onítẹ̀wé kọ̀ǹpútà ní apá Mainland níhìn-ín, l'Ékòó, fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Ọlọ́run yóò máa ràn yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, fọ́ọ̀mù JAMB, ìwé ẹjọ́, títí kan pósítà tí àwọn olóṣèlú fi ń dé ipò, ọwọ́ wa ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú pàápàá ń gbé iṣẹ́ wá fún wa bí ọwọ́ bá dí wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, àwọn ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù káńsù gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá sí àdúgbò wa. Wọ́n ní ayédèrú sọ́fítíwíà là ń lò. Kí kálukú mú rìsíìtì láísẹ́ǹsì jáde, tàbí kó san ₦150,000 lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. A ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí wọ́n ti ń tú wáyà.

Alàgbà, ohun tó dùn wá jù rèé: àwa fúnra wa la ti ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jìnnà sí ayédèrú. Láti 2013 ni Adobe, ilé-iṣẹ́ tó ni sọ́fítíwíà tí a fi ń ya àwòrán, ti yí sí owó oṣooṣù dípò àràpa. Nígbà tí ìjọba sì tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, iye tí dọ́là ń béèrè kọjá agbára wa. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà wa kò sì lè gbé Windows 11. Nítorí náà la ṣe kó wọn sórí Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, pẹ̀lú LibreOffice tí a fi ń kọ ìwé, GIMP tí a fi ń tún fọ́tò ṣe àti Inkscape tí a fi ń ya àwòrán. Àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí gan-an ni wọ́n kó lọ!

Lábẹ́ GPL, láísẹ́ǹsì sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí Richard Stallman, olùdásílẹ̀ ìgbìyànjú sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́, kọ́kọ́ gbé jáde ní 1989, ni Linux, GIMP àti Inkscape wà. GPL gba ẹnikẹ́ni láyè láti lò wọ́n fún iṣẹ́ yòówù, kó dà wọ́n kọ, kó pín wọn, kódà kó tà wọ́n, bó bá ti fún ẹni tó gbà á láǹfààní sí kóòdù rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìlànà tí wọ́n fi kọ ọ́. LibreOffice ní láísẹ́ǹsì tirẹ̀, òun náà kò gbowó. Rìsíìtì kí la fẹ́ mú wá? Ṣé ẹni tí aládùúgbò fún ní ọsàn ni yóò tún wá rìsíìtì ọsàn?

Akọ̀wé wa tẹ GPL jáde lódindi, ó gbé e fún olórí wọn. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Sítáǹpù rẹ̀ dà?" A dákẹ́. Ọ̀wọ̀ yín la wò.

Lọ́yà ẹgbẹ́ ní ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún láṣẹ lórí ẹ̀tọ́ àdàkọ, Nigerian Copyright Commission, àjọ ìjọba àpapọ̀, ló sì ń bójú tó o. A ò sọ pé káńsù kò mọ òfin o. A kàn mẹ́nu bà á ni.

Ọ̀rọ̀ gọ́tà àti owó pátákó tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀mejì, ó di ọjọ́ mìíràn.

A bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n dá kọ̀ǹpútà wa padà láìgba kọ́bọ̀, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan iṣẹ́ oníbàárà tó wà nínú wọn. Ẹ fún wa ní ìwé tí a ó lẹ̀ mọ́ ògiri, pé sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kì í ṣe ọ̀ràn. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ la ó ṣèpàdé. Àwọn ọ̀dọ́ inú wa ń sọ pé kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù tì, kí a sì wá kí yín ní káńsù lápapọ̀. Àwa àgbà ṣì ń dá wọn lẹ́kun.

Ìwé ìkésíni ayẹyẹ yín, tí ọ́fíìsì yín gbé fún wa lóṣù tó kọjá, wà nínú ọ̀kan lára àwọn kọ̀ǹpútà náà. A kò lè tẹ̀ ẹ́ títí a ó fi rí i gbà.

Àwa ni tiyín,
Alága, Akọ̀wé àti Akápò ẹgbẹ́.